Àpótí Sípíkà Tí Mo Gbé Lọ sí Erunmu

Mo fi ìró àtijọ́ wé àpótí sípíkà náà, mo fi ọ̀já gbà á láàárín, mo gbé e karí, mo sì jáde nílé wa ní Ọlọ́runṣògo kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ mi, Bàbá Bọ́lá, ti jí. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, rọra o, ilẹ̀ lè máa yọ̀." Ojú wọn ti fọ́ láti bí ọdún mẹ́ta nígbà náà. Èmi ni mo máa ń sọ fún wọn bí nǹkan ṣe rí, láti orí aṣọ tí wọ́n wọ̀ títí dé orí ẹni tó ń kọjá níta.

Méjì ni àpótí náà. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe tíṣà ni wọ́n rà wọ́n lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Orin nìkan kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀, ara igi rẹ̀ náà ni. Pákó lásán ló wà nínú, ṣùgbọ́n awọ igi gidi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Fínía ni àwọn káfíńtà ń pè é. Igi òkèèrè kan tó ń jẹ́ róósíwúùdù ni wọ́n là ṣe é, ó pupa rúsúrúsú, ilà dúdú sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí ojú wọn lọ, wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọ́n á máa fi ọwọ́ gbọ́ orin. Òjò ọdún yẹn jò sórí ọ̀kan. Awọ rẹ̀ wú, ó bó, ẹ̀gún igi sì gún wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kúrò nídìí orin, tí wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n fi àpótí náà dáná. Ó dùn mí wọra, nítorí ayọ̀ tó kù fún wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi dáná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé e lọ bá káfíńtà kan ní Erunmu.

Ní Ìwó Road, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́dá ní kí n san náírà méjì, kí ẹrù mi náà san méjì.

"Ṣé ẹrù ń san iye èèyàn ni?" ni mo bi í.

"Ìyá, ṣé kò ní jókòó ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo san án. Ní Ẹ̀gbẹ́dá mo wọ ọkọ̀ Píjó kan tó ń lọ sí Erunmu. Ọ̀dà ti ṣí lójú ọ̀nà, kòtò pọ̀, mo sì gbé àpótí lé itan, mo dì í mú. Obìnrin tó jókòó tì mí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó yá ó ní, "Ọmọ yín mà ń sùn dáadáa o." Mo ní sípíkà ni. Ó pariwo, "Háà! Mo sì ti ń panu mọ́ látàárọ̀!" Láti ibẹ̀ ni kò ti dákẹ́ mọ́ títí a fi dé.

Ní àdúgbò wa, o lè kọjá ilé mẹ́wàá kí ẹnì kan tó kí ọ. Ní Erunmu, mi ò tíì rìn kọjá ibi tí wọ́n ti ń sá pákí tí àwọn èèyàn fi fẹ́ bá mi sọ ẹrù. Àwọn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Sámù, káfíńtà náà, tó ń kun pọ́líṣì sí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Aláàdúrà ni, kì í wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ náà jẹ́ ilé àdúrà.

Ó kan àpótí náà gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. "Ẹ wo ọgbọ́n òyìnbó! Wọ́n wọ pákó lásán láṣọ ọba." Lẹ́yìn náà ó wo ojú ọ̀run. "Màmá, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, pọ́líṣì á funfun sára igi."

Mo dúró. Ìyàwó rẹ̀ gbé iṣu sísè àti epo fún mi. Nígbà tí oòrùn mú, Bọ̀dá Sámù ti gọ́ọ̀mù sábẹ́ awọ tó wú, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Awọ náà padà balẹ̀. Ṣùgbọ́n igun kan lókè ti jẹrà dànù.

"Igi yìí kò sí ní Erunmu, kò sí n'Ìbàdàn," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n bó gbogbo rẹ̀, kí n fi fọmáíkà, ike pẹlẹbẹ yẹn, bò ó. Á dán. Ẹ ṣáà ní Bàbá ò ríran. Wọn ò ní mọ̀."

Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo ti rí Bàbá Bọ́lá lọ́kàn mi, tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa á kiri, tí inú wọn ń dùn. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n máa bi mí.

"Wọ́n á ní báwo ló ṣe rí," ni mo sọ fún un. "Kí ni kí n wá sọ?"

Ó fọwọ́ họrí. Ìyá rẹ̀ arúgbó, tó ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn ilé, pè é. Ìyá náà ní ìtì igi osùn kan tí wọ́n máa ń lọ̀ láti fi kun àwọn ọmọ tuntun lára.

"Gé díẹ̀ níbẹ̀," ni Ìyá wí.

"Ìyá, àwọn ọmọ tuntun ńkọ́?" ni mo bi wọ́n.

"Ọkọ tìrẹ náà, ṣé kì í ṣe ọmọ ẹnì kan ni?"

Omi bọ́ lójú mi. Bọ̀dá Sámù fi ayùn là á, ó fi ìfági fá a títí ó fi di fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun yẹn. Ó fi sáńpépà ha á, ó di òwú sínú aṣọ, ó ń rẹ ẹ́ sínú pọ́líṣì, ó sì ń fi í yí po lára igi láìdúró. Nígbà tó gbẹ, ọwọ́ kò lè mọ ojú ìlẹ̀mọ́ náà. Ojú lè mọ̀ ọ́n. Osùn náà pupa ju ìyókù lọ, kò sì ní ilà dúdú.

Mo délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá Bọ́lá na ọwọ́, wọ́n fi pa á yí ká, ó pẹ́.

"Ó dán," ni wọ́n wí. "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ wà lára rẹ̀. Igi osùn ni, ó pupa ju ìyókù lọ. Ẹni tó bá wọlé á rí i."

Wọ́n wá a, wọn ò rí i. "Mú ọwọ́ mi débẹ̀." Mo mú un débẹ̀.

"Ǹ bá má mọ̀ láé," ni wọ́n wí.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n ní kí n so ó mọ́ rédíò, kí n sì tan rédíò náà. Erunmu kò jìnnà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì ń lò, kì í sì í ṣe tèmi nìkan. Ìròyìn ló ń lọ lọ́wọ́, kò sí orin. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo àbùlẹ̀ náà, wọ́n sì bi mí bóyá òjò ti ń ṣú bọ̀ níta. Mo lọ sójú fèrèsé, mo sì wò ó dáadáa kí n tó dá wọn lóhùn.