Sinimá Tó Gbé Ìyá Mi Dé Ọsibítù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti sinimá kan tí mo wò ní Mọníyà nígbà tí mo wà lọ́mọge. Sinimá náà ò dára rárá o! Síbẹ̀, títí dòní, mi ò tíì rí èyí tí mo fẹ́ràn tó o.

Ẹsẹ̀ ìyá mi wú nígbà náà, egbò ibẹ̀ sì kọ̀, kò jiná. Aládùúrà ni wọ́n, omi àdúrà nìkan ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Bí mo bá dárúkọ ọsibítù, wọ́n á ní ṣé kí àwọn fi Ọlọ́run sílẹ̀ torí abẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ti rí ẹni tí irú egbò bẹ́ẹ̀ pa.

Ni ọkọ̀ sinimá bá dé. Wọ́n fi àpò dí fèrèsé ilé ìkẹ́rù kòkó lọ́sàn-án gangan, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, ọkùnrin kan sì ń túmọ̀ òyìnbó fún wa. Nínú sinimá náà, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan àti oṣó kan ló ń bá ara wọn dù ú, ta ni yóò wo ọmọ ọba kan tó ń ṣàìsàn sàn? Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń fò, páànù lásán ni, okùn tí wọ́n fi so ó kọ́ hàn gbangba. Irùngbọ̀n oṣó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́! A rẹ́rìn-ín títí.

Àfi ìgbà tí oṣó bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ wíwú yẹn dìde, wọ́n ké Halelúyà, wọ́n sì da omi àdúrà lu aṣọ funfun náà. Gbì! Oṣó ṣubú. Ìtàn sinimá náà ló kúkú ní kó ṣubú níbẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́? Bàbá Ràfíù, ìmàle tó múlé gbè wá, ní òun ò tíì rí àdúrà tó tètè gbà báyẹn rí.

Oṣó tún dìde ṣá. Ẹ̀rọ nìkan ò lè wo ọmọ ọba sàn, ọfọ̀ nìkan ò lè wò ó sàn. Ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá gbé oṣó tòun ti igbá oògùn rẹ̀ sínú páànù, wọ́n jọ fò lọ bá ọmọ ọba, ara rẹ̀ sì yá.

A padà sílé. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi ti bi mí pé:

"Bí mo bá gbé omi àdúrà mi dání, ṣé nọ́ọ̀sì á lé mi?"

Mo ní kò ní í lé wọn. Ojúmọ́ mọ́, a wọ lọ́rì lọ sí Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì gún ìyá mi lábẹ́rẹ́, ìgò omi àdúrà wà lórí itan wọn, wọ́n ń gbàdúrà fún nọ́ọ̀sì. Egbò náà jiná. Ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n fi pọn àkọ́bí mi kiri Mọníyà.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tó fi páànù àti okùn ṣe sinimá yẹn ò mọ̀ mí, kò sì mọ̀ pé òun bá mi wo ìyá mi sàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Ẹ̀yin ńkọ́, ǹjẹ́ ohun tí ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ti ṣe yín lóore rí? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.