Oògùn Kejì Ládàánì

Ọjọ́ tí Àáfà Múfútáù padà wá sí kílíníìkì wa ní Ìgàndò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti tún bó. Inú bí mi. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ni mí, èmi náà ni mo sì rí ọwọ́ yẹn nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná.

Àáfà ni ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́sáláásí àdúgbò wọn. Àìsàn rẹ̀ ni kí èrò kan máa yọ ènìyàn lẹ́nu ṣáá, kó sì máa fipá mú un tún ohun kan náà ṣe. Ìdí àlùwàlá ni tirẹ̀ wà: á ṣe é tán, ọkàn rẹ̀ á ní kò mọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Wásíwásí ni wọ́n ń pè é ní mọ́sáláásí. Wọ́n kọ́kọ́ ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló pọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí àsìkò ìrun ń kọjá lórí rẹ̀ nídìí omi, wọ́n ní àwọn máa fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ tí baba rẹ̀ ṣe títí ó fi kú nìyẹn. Àáfà sunkún lójú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Oògùn àkọ́kọ́ tí dókítà fún un dín ìyọnu náà kù, ṣùgbọ́n kò tán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà fi òmíràn kún un, díẹ̀ báyìí, kí méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun gbọ́.

“Àáfà, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?”

“Mò ń lo tuntun yẹn dáadáa.”

“Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?”

Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. “Nọ́ọ̀sì, ṣé lèmọ́mù méjì máa ń ṣíwájú ìrun kan ni? Tuntun ti dé, mo ní kí ti tẹ́lẹ̀ máa lọ. Wọ́n á kàn máa jà nínú mi ni jàre.”

Ọ̀rọ̀ líle ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Ọmọ Áńgílíkà ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláásí ni wọ́n bí mi sí.

“Tí ẹ bá pe ìrun tán, ṣé ẹ ti gba ipò lèmọ́mù nìyẹn?”

“Rárá o. Èmi kàn ń bá a pe èrò ni.”

“Ládàánì ni oògùn kejì yín. Ẹ sì ti lé lèmọ́mù jáde.”

Ìyá Kúdírá, ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Àáfà náà sì tẹ̀ lé e.

Dókítà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣọ́ bí méjèèjì ṣe ń bá ara wọn gbé. A tún ń kọ́ Àáfà láti ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀kan péré, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ń pariwo, kó má dá a lóhùn. Kò rọrùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tó bínú sí mi, tí kò kí mi.

Nígbà ààwẹ̀, wọ́n pè mí wá bá wọn ṣínu. Gbogbo ilé ti jókòó, ògì gbígbóná àti àkàrà wà nílẹ̀. Àáfà bọ́ sídìí omi, ó ṣe àlùwàlá, ó dìde, kò wẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi gba gbogbo àdúgbò láti mọ́sáláásí, àsìkò gan-an ló sì pe ìrun. Ìyá Kúdírá ń nu omijé. Inú mi dùn débi pé èmi tí n kò gbààwẹ̀ rárá ni mo kọ́kọ́ mú àkàrà.