Orúkọ Tí Ìyá Kì Í Pè

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ń ṣe. Kì í ṣe pé ó ń tún un ṣe o. Òun ló ń kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń tẹ̀ lé. Mo là á mọ́lẹ̀ báyìí torí gbogbo ará àdúgbò wa ní Bẹ́yẹrúnkà ló ń gbé fóònù tó fọ́ wá bá a. Bó bá ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ojú fóònù, wọ́n á wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n á ní irú kọ̀ǹpútà wo ló wá kọ́. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ débẹ̀. Yàhúù ni wọ́n rò pé ó ń ṣe. Ọkùnrin tó ń gbé láptọ́ọ̀pù kiri àdúgbò, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní ọ̀gá tẹ́nikẹ́ni rí rí, kí ni kí wọ́n tún rò?

Bàbá Muslimat ni mo ń pè é. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ wà nínú ìwé níkàà wa, ibẹ̀ náà ni kó máa gbé. Ìyàwó ilé ni mí, ẹ ò ní bá mi níbi tí mo ti ń pe ọkọ mi lórúkọ.

Kò sí ohun tí kò ní èrò lé lórí. Ohun téèyàn bá ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kó fà á lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ó ní àwa ará Ìbàdàn la ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn tó ya máàpù lọ́wọ́, torí ilé wa ò ní nọ́mbà. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù bọ̀ bá ní kó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, á kọ́kọ́ pòṣé, lẹ́yìn náà á ní, "Bọ́ sílẹ̀ ní Mápó, kó o béèrè ilé onígbá." Onítọ̀hún á sì délé. Ó ní wáàsáàpù ẹbí ni yóò pa òun, pẹ̀lú àdúrà tí kì í tán àti àwòrán òdòdó àràárọ̀. Ó ní bí ìjọba bá lè fún òun níná, òun á dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ wọn tó kù jì wọ́n. Ọ̀rọ̀ iná yìí náà ni ò jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nílé. Mólété ló ń lọ, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti háyà yàrá kan tó ní sólà. Bó bá ń rojọ́ èrò rẹ̀, mo máa ń gbọ́, màá sì máa rẹ́ ilá mi lọ.

Ìyá ló sọ èrò wọ̀nyí di wàhálà. Ìyá ọkọ mi ni mò ń wí. Igbá ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ojú ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán báyìí, ìtọ̀ ṣúgà wà lára wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà ńbẹ̀. Dókítà pe èmi àti ọkọ mi jókòó, ó ní ká má fi Ìyá sílẹ̀ láwọn nìkan. Ó ní ọjọ́ tí ọwọ́ wọn bá kú tàbí tí ẹnu wọn bá wọ́, ká gbé wọn wá lójú ẹsẹ̀. Bá a bá tètè dé, ara lè padà bọ̀ sípò. Bá a bá pẹ́, ohun tó bá lọ ti lọ nìyẹn. Etí àwa méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe l'Óníyanrìn, Muslimat ń lọ síléèwé. Mo ní ká wá ẹnì kan tí yóò máa jókòó ti Ìyá. Bàbá Muslimat ní kí lẹnì kan fẹ́ wá ṣe nínú ilé tó kún fún èèyàn. Àbúrò bàbá rẹ̀ ń ránṣọ níwájú ilé gan-an, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn àti yàrá Ìyá. Bàbá Télọ̀ la ń pè wọ́n; Gàfárù lorúkọ wọn, ẹ má sọ pé èmi ni mo wí. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Ìyá Alátẹ, tí àwọn tó bí wọn sọ ní Kúbúrá, máa ń ti Ọjà'ba wálé ní gbogbo ìrun. Ọkọ mi ní ohun tó kù ò ju bí Ìyá á ṣe máa rí wọn pè. Ìyá ò ríran tẹ fóònù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, fóònù á máa gbọ́ Yorùbá.

Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́. Mi ò ní purọ́, orí mi wú. Ohùn mi ló lò fún un. Ó ní kí n ka àwọn ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ ní Sátidé kan tí ilé pa rọ́rọ́. Ìyá á di bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù mú, ohùn mi á sì jáde: "Ẹ kú ilé, Ìyá. Ta ni kí n bá yín pè?" Lọ́jọ́ tá a dán an wò, Ìyá pe ọmọ wọn, fóònù rẹ̀ dún. Wọ́n pe Bushrah, èmi nìyẹn, tèmi náà dún. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ti wá ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í jẹun." Kò sẹ́ni tó rántí pé ká dán àwọn tó kù wò. Nọ́mbà wọn ti wà níbẹ̀, inú fóònù tirẹ̀ ló ti kó wọn, bó ṣe kọ wọ́n sí tirẹ̀ ló ṣe gbé wọn lọ síbẹ̀: Gàfárù, Kúbúrá.

Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá wọ ilé yìí níyàwó, Bàbá Télọ̀ ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ṣùgbọ́n Ìyá bá wọn nílé ni, ọkọ Ìyá ni wọ́n. Eyín wọn funfun, Ìyá sì sọ wọ́n ní Eyínfúnjowó. Wọ́n sọ Ìyá Alátẹ ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Títí Bàbá Télọ̀ fi bímọ, títí eyín ọ̀hún fi ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí Ìyá ń pè wọ́n nìyẹn. Ọkọ mi ń gbọ́ ọ látìgbà tó ti ń rá. Ó ti mọ́ ọn létí débi pé kì í gbọ́ ọ mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá, àwa la tò ó pọ̀. Ìrun Àílà ti ń sún mọ́lé, Ìyá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ọwọ́ òsì wọn ò gbé kẹ́tùlù. Wọ́n di bọ́tìnnì mú, wọ́n pe ọmọ wọn. Ọmọ wọn wà nínú mítìn pẹ̀lú àwọn ará òkè òkun, ó ti pa ohùn fóònù rẹ̀. Wọ́n pè mí. Fóònù mi wà nínú báàgì ní ọ́fíìsì, èmi wà níwájú bọ́ọ̀dù. Ẹni tó kàn ni ẹni tó sún mọ́ wọn jù, lẹ́yìn ògiri. Ìyá ní, "Eyínfúnjowó." Fóònù ní, "Mi ò mọ ẹni yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀ dáadáa." Ìyá tún ní, "Eyínfúnjowó." Bí wọ́n bá ti sọ Gàfárù lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò tíì ti ẹnu wọn jáde rí, kò sì wá sí wọn lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn pé ó ṣeé pè. Bàbá Télọ̀ ń tẹ máṣíìnì lọ́hùn-ún, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìyá Alátẹ ti ọjà dé láti wá kírun. Wọ́n gbọ́ ohùn mi nínú yàrá Ìyá, wọ́n ní ìyàwó ti tètè dé láti iléèwé lónìí. Wọ́n kọjá lọ ṣe àlùwàlá tiwọn. Wọ́n kírun, wọ́n tún jókòó ka tẹ̀sùbáà. Ìgbà tí wọ́n dìde tí ohùn mi ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ló tó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní ṣé èmi àti Ìyá ń jà ni. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá wà nílẹ̀ nínú omi àlùwàlá, ẹnu ti wọ́ sápá kan, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ohun tí wọ́n ń sọ kò jọ ọ̀rọ̀ mọ́. Èmi sì ń dá wọn lóhùn pé mi ò mọ ẹni yẹn.

Ìyá ò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dókítà wo aago, ó ní a pẹ́. Ọwọ́ òsì lọ, ẹsẹ̀ òsì lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu náà sì bá wọn lọ.

Ní gbàgede ilé ìwòsàn ni Ìyá Alátẹ ti dojú kọ ọkọ mi. Wọ́n ò pariwo. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," wọ́n ní. "Ilé wo lo wò? Ìgbà wo ni ìyá ẹ pè mí ní Kúbúrá rí?"

Ọkọ mi ò sunkún. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́. Á kírun, á lọ sí Mólété, á dé. Ọ̀gá rẹ̀ òkè òkun ní kó lọ sinmi, ọkọ mi ní kò sí nǹkan. Èmi náà, ara mi kú. Ìyá mi tó bí mi ní kí n bínú sí ọkọ mi bó bá jẹ́ ìyẹn ló máa jẹ́ kí n rí oorun sùn, mo wá ìbínú ọ̀hún tì. Ohùn mi nìkan ni mo kórìíra. Níléèwé, bí ọmọ kan bá sọ̀rọ̀ sínú, mi ò lè sọ fún un mọ́ pé kó tún un sọ dáadáa.

Nígbà tá a gbé Ìyá dé, Bàbá Muslimat bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti yàrá dé yàrá, lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó àgbà. Ó dé Ọ̀rányàn pàápàá, níbi tí ọ̀kan nínú wọn kó lọ. Ó ń bi wọ́n pé kí ni Ìyá ń pe lágbájá, kí ni wọ́n ń pe tàmẹ̀dù. Wọ́n kà á fún un: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Ìbàdíàrán, Akọ̀wé, Adúmáadán. Ìyá Jàmíù, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó àgbà náà, wò ó títí, wọ́n ní, "Ìwọ tá a bí síbí, ṣé o ò mọ gbogbo ìwọ̀nyí ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà," ó ní. "Mi ò kà á sí orúkọ ni."

Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Mo ní ta ló fẹ́ pe àwọn orúkọ náà? Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi àtàǹpàkò Ìyá lé bọ́tìnnì, ó gbé e sún mọ́ ẹnu wọn. Ìyá mí, ohùn kan jáde, gígùn, kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù ní, "Mi ò mọ ẹni yẹn." Mo jáde síta.

Bàbá Télọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ́ máṣíìnì wọn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú yàrá Ìyá. Àwọn oníbàárà ní ibẹ̀ ṣókùnkùn. Wọ́n ní kí wọ́n máa mú tọ́ọ̀ṣì dání. Wọn ò tan rédíò mọ́. Ohùn yòówù tó bá jáde láti yàrá, ikọ́ ni o, ìmí ni o, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, wọ́n á ní, "Mo gbọ́ o, ìyàwó. Mo wà ńbí."

Ọkọ mi fara ti ògiri ń wò wọ́n lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè?"

Bàbá Télọ̀ ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Mi ò mọ̀," wọ́n ní. "Mo kàn ń dá wọn lóhùn ni."

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo tètè dé láti iléèwé, àwọn ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi nìkan ló wà nílé. Ìyá mú ohùn jáde. Látìgbà tá a ti gbé wọn dé, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni mò ń bá wọn ṣe. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mi ò ya ẹnu. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Mo wọlé, mo ní, "Mo gbọ́ o, Ìyá."

Ojú wọn yí sọ́dọ̀ mi. Àtàǹpàkò ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rá kiri lórí aṣọ ibùsùn, ó ń wá bọ́tìnnì. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe fóònù. Èmi ni, Bushrah." Àtàǹpàkò náà ò dẹ́kun. Mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí àwọn ọkùnrin fi dé láti Jímọ̀.