Iyọ̀ Inú Àtẹ́lẹwọ́

Inú pálọ̀ mi ní Ìgbògbò ni mo ti ń ránṣọ báyìí. Orúnkún kò jẹ́ kí n lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ni mo bá gbé máṣíìnì wálé. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, mi ò ronú oúnjẹ ọ̀sán rí. Ará Ẹ̀pẹ́ ni. Tó bá ń dáná lọ́wọ́, yóò fi ṣíbí bu díẹ̀, yóò wá bá mi nídìí máṣíìnì, yóò fi sí mi látẹ́lẹwọ́.

"Bàbá wa, iyọ̀ ńkọ́?"

Màá lá a, màá ní, "Ó kù díẹ̀."

Yóò pòṣé, yóò padà sídìí iná. Kò ní pẹ́ tí yóò tún fi gbé òmíràn dé. "Ó wá tó báyìí, oníyọnu?"

Iyọ̀ ti tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà mọ̀, kì í fi nǹkan kan kún un. Bó ṣe ń padà wá bá mi yẹn ni mo fẹ́.

Látìgbà tí a ti sin ín, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Èmi télọ̀, mo wá ń dín ìbàdí ṣòkòtò ara mi kù. Ẹ̀rù ba ọmọ mi obìnrin. Láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń fi fóònù ra oúnjẹ fún mi, ọlọ́kadà á sì gbé e wá nínú ike. Lónìí ìrẹsì ọ̀fadà, lọ́la ẹ̀wà àgànyìn, nígbà mìíràn ẹ̀bà àti ẹja láti Èbúté. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó sè é. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ó máa kan orúkọ ìyàwó mi náà. Màá ṣí ike, màá tọ́ ọ wò, màá dé e padà.

"Bàbá mi, kí ló tún ṣe èyí?"

"Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀."

"Iyọ̀ kù díẹ̀ nínú ìrẹsì, iyọ̀ kù díẹ̀ nínú ẹ̀wà! Ṣé kí n bá yín ra òkun ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Bó ṣe gbọ́ ẹ̀rín yẹn ló bú sẹ́kún lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀lé màámi lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé èmi àti orúnkún mi yìí dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní obìnrin kan ń ta ìkọ́kọrẹ́ nítòsí ọjà ẹja, ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n fi ẹja sè, ohun tí ìyàwó mi mọ̀ ọ́n sè jù. Mo ní n óò rà á wálé, n óò sì jẹ ẹ́ tán, kí ọkàn ọmọ mi lè balẹ̀.

Ìkòkò ṣì wà lórí iná nígbà tí mo débẹ̀. Mo ní kó di tèmi sínú ike.

"Ẹ tọ́ ọ wò ná, Bàbá. Ọwọ́ yín dà?"

Ó fi sí mi látẹ́lẹwọ́. Ó gbóná. Mo lá a. Iyọ̀ rẹ̀ tó. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́: "Ó kù díẹ̀."

"Háà! Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ o."

Ó bu tèmi sínú ike, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó rò ó pọ̀, ó dé e. Kò bu òmíràn fún mi kí n tọ́ ọ wò. Mo ṣì na ọwọ́ síbẹ̀.

"Ṣé ó ku nǹkan ni, Bàbá?"

"Rárá, ọmọ mi."

Nígbà tí mo délé, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo jẹ ẹ́ títí ike fi mọ́. Iyọ̀ ti pọ̀ jù, ó ń ta mí létè. Ọmọ mi pè.

"Ṣé ẹ jẹun?"

"Mo jẹ ẹ́ tán."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

Mo ní ó tó. Mo gbé omi mu, mo tún bu omi mìíràn.