Òjòlá Bàbá Wolé-wolé

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Nehemiah Àkànmú Ọ̀ṣúndáre nígbà tó kú.

Ọ̀rọ̀ òṣùká ni gbogbo Ìlobù fi mọ̀ ọ́n. Òun ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti bà á jẹ́. Bàbá sin òjòlá kan nínú ilé fún ọdún mẹ́sàn-án. Kì í ṣe èyí tó ń gbé ewúrẹ́ mì. Irú kékeré ni, kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká ara rẹ̀ jọ rubutu, yóò fi orí pamọ́ sáàárín. Jẹ́jẹ́ ni Bàbá ń pè é. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó fẹ́ fọ àpótí tí Jẹ́jẹ́ ń gbé. Ó fi àkísà kan wé e, ó gbé e sórí àpótí ìjókòó nílé ìdáná, ó lọ pọn omi. Dọlápọ̀sí, àbúrò Mobọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó wá láti Ìfọ́n, wọlé wá gbé abọ́ ẹlùbọ́ rẹ̀. Ó rí aṣọ tó ká rubutu. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun mà ṣeun o, ó ti bá òun ká òṣùká sílẹ̀. Ó gbé e karí, ó gbé abọ́ lé e, ó jáde.

Ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìfọ́n kí òṣùká tó na ọrùn, tó wá wo ojú rẹ̀.

Ẹlùbọ́ dà sí títì. Dọlápọ̀sí wà nílẹ̀, ìyẹ̀fun bo ojú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá sáré dé, àwọn èèyàn rò pé yóò bẹ̀ ẹ́. Ó kọjá lára rẹ̀, ó gbé ejò, ó fẹ́ eruku kúrò lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí obìnrin náà, inú ń bí i.

"Dọlápọ̀sí, ẹrù tó wúwo tó báyìí, lórí ọmọ tí kò ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ ń bá wí?"

"Ta ni kí n bá wí? Ṣé òun ló gbé ara rẹ̀ karí ni?"

Mobọ́lá kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ kò tètè mọ̀, nítorí ejò ló ń bá sọ̀rọ̀.

Oko ni Bàbá ti rí ejò náà, lẹ́bàá ààlà tí Ìlobù àti Ìfọ́n ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí wa. Ó gba ẹni méjì kí wọ́n bá a ro oko, Amos ará Ìlobù àti Gàfárù ará Ìfọ́n. Láti àárọ̀, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn. Bí ejò ṣe yọ lábẹ́ ebè, wọ́n gbé àdá lẹ́ẹ̀kan náà, Amos ń sọ fún Gàfárù pé kó gba ọ̀tún. Bàbá bọ́ sáàárín wọn. Ó ní, "Ẹ ò lè kí ara yín káàárọ̀. Ẹ wá jọ fẹ́ pa ẹni tí kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ó ṣí fìlà, ó fi gbé ejò. Láti ọjọ́ náà ni Amos àti Gàfárù ti ń kí ara wọn. Wọ́n jọ gbà pé orí bàbá náà ti dàrú.

Àwọn kan ń sọ pé ejò náà ń pọ owó fún un. Irọ́ ni. Èyí máa ń bí Mobọ́lá nínú ju ejò gan-an lọ. Sálúbàtà kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ ń wọ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì, okùn ló sì fi so ó. Mobọ́lá ní bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ejò bá òun pọ páànù mẹ́wàá, òrùlé ń jò.

Ìtọ́jú ńkọ́? Mobọ́lá bí ọmọ mẹ́rin, kò sí èyí tí bàbá rẹ̀ tọ́ báyẹn. Bàbá ní kí káfíńtà kan àpótí, kí apá kan máa móoru, kí apá kejì tutù. Bí iná bá lọ, á rọ omi gbígbóná sínú ìgò, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ìkòkò fífọ́ ṣe ihò fún un. Ojoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ omi rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń fún un ní òkú eku kan, bó bá sì ti jẹ ẹ́ tán, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé e fún ọjọ́ méjì, kí oúnjẹ lè dà. Mobọ́lá ní òun kì í tíì fọ ọwọ́ oúnjẹ tán tí ọkọ òun fi ń rán òun níṣẹ́.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni Bàbá fi ọgbọ̀n ọdún ṣe. Ó ti wo inú àmù gbogbo ìlú. Nígbà tí ẹnì kan wá fẹjọ́ ejò sùn, wolé-wolé ayé ìsinsìnyí ni wọ́n rán sí i, ọmọdé kan tó ń jẹ́ Kọ́ládé. Kọ́ládé dọ̀bálẹ̀, ó ní wọ́n ní ẹran eléwu wà nínú ilé. Bàbá ní kó ṣí àpótí kó wò ó. Kọ́ládé ní òun gba Bàbá gbọ́.

"Kí lo fẹ́ kọ sínú ìwé nígbà tí o kò wo nǹkan kan? Ọwọ́ la máa ń tì bọ àmù nígbà tiwa."

Ó fà á wọ yàrá. Ó ní kó wá ìdọ̀tí rí nínú omi ejò. Kò rí. Ó bi í pé ọjọ́ wo ló fọ kẹ́ẹ̀gì omi ilé tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Kọ́ládé ní òun kò rántí. Bàbá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó jáde nílé náà lọ́jọ́ yẹn. Kọ́ládé ni wọ́n fi sùn.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, Jẹ́jẹ́ kọ oúnjẹ. Oṣù mẹ́ta. Irú wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá mọ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn ti dá òun náà dùbúlẹ̀, dókítà sì ti kìlọ̀ fún Mobọ́lá pé bí bàbá kò bá jẹun, oògùn kò ní ṣiṣẹ́. Bàbá ní ògì nìkan ni òun yóò máa mu títí Jẹ́jẹ́ yóò fi jẹun.

"Bàbá Fikáyọ̀, ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń se oúnjẹ fún yín. Ejò lẹ wá ń dúró dè?"

"Ìwọ máa jẹun tìrẹ. Ta ni yóò bá a gbààwẹ̀?"

Mobọ́lá bú u. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó gbé oúnjẹ wá, ó gbé e padà. Ní ọjọ́ kẹfà, Bàbá kò lè dá jókòó mọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti rí bí igi ìdáná. Mobọ́lá kò wọ yàrá ejò rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìbínú ló tì í wọ ibẹ̀. Bàbá ń pàṣẹ láti orí bẹ́ẹ̀dì: kó rẹ eku sínú omi gbígbóná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó fi ẹ̀mú mú un, kó rọra mì í, kó má sọ̀rọ̀.

Mobọ́lá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wò ó, ìwọ ejò yìí. Ọkọ mi ni. Mo ti fẹ́ ẹ kí o tó dé. Jẹ eku yìí, kí èmi náà lè fún un lóúnjẹ."

Ó mi eku náà níwájú ejò. Ó pẹ́. Ni ejò bá ta, ó gbá eku mú, ó wé mọ́ ọn. Mobọ́lá kò sá. Ó dúró títí ìrù eku fi wọlé, nítorí ó mọ̀ pé ọkọ òun yóò bèèrè.

Ó bèèrè. Mobọ́lá ní ó jẹ ẹ́ tìrù tìrù. Bàbá ní, "O ṣeun, Mobọ́lá." Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò sọ ọ́ rí láìfi àbùkù kan tì í.

Ó kú lójú oorun kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ejò ṣì wà. Mobọ́lá ló ń fọ àpótí rẹ̀. Ohun tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni ni kí wọ́n ní ejò ló fi ebi pa ọkọ òun. Ìyàwó pásítọ̀ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń kí i kú ọ̀fọ̀, Mobọ́lá sì dìde dúró níwájú gbogbo wọn. Ó ní kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Àsáró ni ọkọ òun jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ejò jẹ eku, abọ́ kan kún, pẹ̀lú orí ẹja àrọ̀, ó sì tún ní kí òun ha ìdí ìkòkò fún un.