Hùmúàní àti Pijó tí Kò Fẹ́ Pààrọ̀

Inú máa ń bí mi sí àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá kú tán ni wọ́n tó ń rántí oore rẹ̀. Wọn ò ní sọ ọ́ lójú ẹni náà, àfi kí wọ́n dúró síwájú pósí kí wọ́n máa sunkún. Hùmúàní ṣì wà láàyè, ó sì ń gbọ́ràn dáadáa. Mo fẹ́ sọ tirẹ̀ báyìí, kó lè bá mi jà tí mo bá fi irọ́ kún un.

Awakọ̀ ni, ní Ìmàṣàyí. Ọkọ rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, Pijó gígùn tó ń kó gàárì àti ènìyàn lọ sí Ayétòrò àti Ìlaròó. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, àwọn ẹbí ní kí wọ́n ta ọkọ̀. Hùmúàní ní kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún òun. Àṣé ó ti máa ń bá ọkọ rẹ̀ wà á nígbà tó bá rẹ ìyẹn, àwa la ò mọ̀. Àwọn awakọ̀ ọkùnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì títí ó fi sú wọn. Èmi tí mò ń ṣe tíṣà ní Ayétòrò, ìjókòó iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wà láràárọ̀. Kò mọ eré sá rárá, ó máa ń jẹ́ kí n pẹ́ dé iléèwé, mo sì ti bá a jà lórí ẹ̀ títí, ṣùgbọ́n kò já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sójú ọ̀nà rí.

Lọ́dún 2019 ni ìjọba ti bodè pa. Nǹkan le fún gbogbo wa nílẹ̀ Yewa. Ilé epo tó sún mọ́ bodè kò rí epo tà mọ́, àwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù sì ń dá ọkọ̀ dúró níbi tí a ò ti rí wọn rí. Àárín wàhálà yìí ni ẹ́ńjìnì Pijó nọ́ọ̀kì. Èmi náà wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dún gbàgà, èéfín bò wá, ó sì dákẹ́. Hùmúàní sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó wò ó, ó pa á dé. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ọkọ̀ padà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó mú tèmi dání.

“Tíṣà, ẹ ò tíì débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ,” ló wí, ó sì ki owó náà bọ inú àpò mi.

Bẹ́ẹ̀, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà. Ó ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún owó iléèwé ọmọ rẹ̀, Toheebat, tó wà ní pọ́lì Ìlaròó. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yáwó gbọ́dọ̀ ní onídùúró. Bí ẹni tó yáwó ò bá san án títí wọ́n fi máa pín owó ní ìparí ọdún, owó tí onídùúró ti fi pamọ́ ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó dúró fún Hùmúàní ni Màmá Leah Ọláoyè, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ èmi náà ní ABD. Ojú ń dun Màmá. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ti sọ fún un ní Abẹ́òkúta pé iṣẹ́ abẹ ló máa mú un kúrò. Owó iṣẹ́ abẹ yẹn ló ń kó jọ sínú ẹgbẹ́. Bí ọkọ̀ Hùmúàní ò bá padà sójú ọ̀nà, a jẹ́ pé Màmá Ọláoyè á wà nínú òkùnkùn nìyẹn, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n.

Ìgbà náà ni Bàrúwà yọjú. Bàrúwà ń ta ọkọ̀, ó lówó lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó gbé Tòyótà tòkunbọ̀ kan wá, ọkọ̀ fàyàwọ́ tí wọ́n gba inú igbó Tube létí bodè gbé wọlé. Ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí Hùmúàní san ìlàjì, kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gbà láti fi owó kún ti tẹ́lẹ̀ fún un, tí onídùúró rẹ̀ bá ti lè tún fọwọ́ sí i. Gbogbo gáréèjì ló ní kó gbà. Èmi pàápàá ní kó gbà, nítorí ó ti sú mi láti máa gun ọ̀kadà nínú erukú.

Èmi ni mo sin ín lọ sílé Màmá Ọláoyè. Màmá ò tiẹ̀ jẹ́ ká jókòó tán.

“Ìwé náà dà? Ẹ gbé bírò wá.”

“Màmá, mi ò wá fún ìwé,” ni Hùmúàní wí. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀. “Mo wá sọ fún yín pé mi ò ra ọkọ̀ yẹn.”

“Kí ló dé? Àbí ìwọ náà rò pé afọ́jú ò lè fọwọ́ síwèé?”

“Ojú yín lẹ fẹ́ fi ra mọ́tò fún mi yẹn, Màmá. Tí kọ́sítọ̀ọ̀mù bá gbà á lọ́wọ́ mi lọ́nà, kí ni mo fẹ́ wá sọ fún yín?”

Inú bí Màmá. Ó ní òun ti ń ṣe onídùúró fún ènìyàn láti ìgbà tí Hùmúàní ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì, pé kò sí ẹni tó máa kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣàánú. Hùmúàní ń dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tá a jáde, mo pè é ní olórí kunkun.

Ó lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀, Ọ̀ṣunníyì. Ìyẹn ní ẹ́ńjìnì Pijó kan ṣì wà ní Ìlaròó, lára ọkọ̀ tí igi wó lù, àmọ́ nítorí bodè tí wọ́n tì, kò sí òmíràn tó ń ti Kútọnu wọlé mọ́, ẹni tó ni ín sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iye tó pè é kọjá ohun tí Hùmúàní lè rí láti ibikíbi. Ó padà délé, ó jókòó. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa àwọn obìnrin tó ń yan gàárì ní Ìmàṣàyí. Àáró ni wọ́n máa ń ṣe. Lónìí, gbogbo wọn á kóra jọ hú ẹ̀gẹ́ ẹnìkan, wọ́n á bó o, wọ́n á yan án. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, ó kan ẹlòmíràn. Kò sí owó níbẹ̀. Nígbà tí Hùmúàní bá ń dúró de ẹrù lábà wọn, kì í ká ọwọ́ gbera. Ó máa ń fa ọ̀bẹ yọ, á bá wọn jókòó sídìí ẹ̀gẹ́. Ọdún gorí ọdún. Tí wọ́n bá ní ó kàn án, á ní, “Ẹ ṣì fi tèmi sílẹ̀, mi ò lóko.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fò ó kọjá.

Lọ́dún tá à ń wí yìí, Bàbá Ìbídàpọ̀ ní oko ẹ̀gẹ́ ńlá lẹ́yìn odò, tó ti gbó dé ojú àmì. Àwọn Ègùn tó máa ń ti òdìkejì bodè wá bá a ṣiṣẹ́ ò lè kọjá mọ́. Ẹ̀gẹ́ náà ti fẹ́ máa di igi sínú ilẹ̀. Ibẹ̀ ni Hùmúàní lọ. Nígbà tó dé láti ọ̀hún, ó kọjá tààrà sí abà àwọn aláàáró, ó kí wọn, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, mo wá gba àáró mi.”

Àwọn obìnrin náà gbé ọ̀bẹ wọn sílẹ̀.

“Oko ta ni?” Àṣìkẹ́ ló bèèrè, òun ni wọ́n ń bẹ̀rù jù nínú wọn.

“Ti Bàbá Ìbídàpọ̀. Wọ́n máa fún mi lówó iṣẹ́.”

“Rárá o. Àwa kì í ṣe lébìrà Bàbá Ìbídàpọ̀. Tí wọ́n bá ń wá òṣìṣẹ́, kí wọ́n sanwó fún wa fúnra wa. Oko ẹni la ti ń gba àáró.”

Kó má di pé mo ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan, òótọ́ ni Àṣìkẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, Hùmúàní náà sì mọ̀ pé òun ṣì í. Ó bẹ̀ wọ́n, ó dìde. Ó padà sọ́dọ̀ Bàbá Ìbídàpọ̀, ó ní kó ta gbogbo ẹ̀gẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ náà fún òun láwìn, kó di tòun pátápátá lójú ẹlẹ́rìí, òun á san án lẹ́yìn tí òun bá ta gàárì. Gbèsè lórí gbèsè! Mo fẹ́ẹ̀ ya wèrè nígbà tí mo gbọ́. Mo sáré lọ bá a.

“Tíṣà, ẹ fara balẹ̀,” ló wí. “Èyí ò ní onídùúró. Tó bá dà nù, orí èmi nìkan ló dà lé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣì máa ń rò dòní. Kì í ṣe pé kò bẹ̀rù. Ó kàn ti yan ẹni tí nǹkan máa bàjẹ́ lé lórí tó bá máa bàjẹ́, kò sì yan ẹlòmíràn.

Àṣìkẹ́ ló kọ́kọ́ dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀bẹ rẹ̀ ti mú ṣáṣá. “Ṣé tìẹ ló ti dà báyìí?” Hùmúàní ní tòun ni. “Ó dáa. Ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?” Àwọn yòókù ń dé lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ iye ìgbà tí Hùmúàní ti bá wọn ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kálukú mọ ti ara rẹ̀, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí oko fi tán. Iná ò kú nínú abà. Àwọn oníbàárà gbé ọkọ̀ wá láti Ìlaròó kó gàárì náà. Hùmúàní san owó Bàbá Ìbídàpọ̀, ó ra ẹ́ńjìnì, Ọ̀ṣunníyì sì gbé e sínú Pijó. Kó tó di ìgbà tí ẹgbẹ́ pín owó, ó ti fi èrè ọkọ̀ san tiwọn náà tán, nítorí pé kò ra aṣọ ọdún, gàárì lásán ló sì ń mu lọ́sàn-án.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ pé kọ́sítọ̀ọ̀mù gba Tòyótà Bàrúwà. Wọn ò gbà á. Ọkùnrin kan ní Ìbèsè ló rà á, ó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ sìmẹ́ńtì kiri títí dòní, kò sì sí ohun tó ṣe é. Àwọn kan ní gáréèjì ṣì máa ń fi ṣe Hùmúàní ní yẹ̀yẹ́. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, tí bodè ṣì wà ní títì, Pijó yẹn ló gbé Màmá Ọláoyè lọ sí Abẹ́òkúta fún iṣẹ́ abẹ ojú. Èmi náà bá wọn lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ojú Màmá, ó jáde sí gbangba, ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ló bá dé ibi tí ọkọ̀ wà. Ó dúró. Ó yí i ká.

“Hùmúàní, ṣé èyí náà la gbé wá?”

“Òun ni, Màmá.”

“Wáyà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn yìí?”

“Wáyà ni, Màmá.”

“Olúwa mi o! Ká ní mo ríran nígbà yẹn ni, ǹ bá fipá mú ọ ra ti Bàrúwà.”

Hùmúàní rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, kò rí kọ́kọ́rọ́ kì bọ ojú ihò rẹ̀ mọ́. Màmá ti gba ìjókòó iwájú, ìjókòó mi, mo bá bọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, tí Hùmúàní ń wà á jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń wà á, Màmá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Tún dín eré kù,” ló wí. “Mo fẹ́ wo ọ̀nà.”