Ìkíni Ọ̀fọ̀ Lẹ́nu Géètì Pápá

Ẹnu mi kó bá mi lónìí o!

Mo kúrò ní Tudun Wada, àdúgbò tí mò ń gbé nílẹ̀ Hausa níbí, mo lọ wo bọ́ọ̀lù kílọ́ọ̀bù wa. Tẹ́lẹ̀, a máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jà ká tó ríbi jókòó. Lónìí, ṣe ni bàbá tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń tòògbé lẹ́nu géètì.

"Bàbá, ẹ tún ti fowó lé e?"

"Èrò ò wá mọ́ ni wọ́n ṣe fowó lé e."

"Ṣé kì í ṣe owó yẹn náà ló lé èrò lọ?"

Bàbá na tíkẹ́ẹ̀tì kan sí mi.

Mo ṣáà rà á, mo wọlé. Nígbà tá a gbá góòlù wọlé, mo fò sókè, mo nawọ́ kí n dì mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sẹ́nì kankan.

Bí mo ṣe ń jáde, "sannu da aiki" ni mo fẹ́ fi kí bàbá kú iṣẹ́. "Yaya haƙuri?" ló bọ́ lẹ́nu mi, ohun tí Hausa fi ń kí ọlọ́fọ̀!

Mo rò pé wọ́n á bínú ni. Wọ́n kàn mirí, wọ́n ní, "Mun gode Allah." A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí ọlọ́fọ̀ ṣe ń dáhùn gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i: ṣé mo ṣì wọ́n kí?